Orí Keje: Ìgbà Wo Ni Ọmọ Tó Ìpinnu Ṣe?

Kí ọmọ tuntun tó pé ogójì ọjọ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn àgbà ti pinnu ohun tó pọ̀ fún un. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ti gbé e dé mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí bàbá àgbà ti ránṣẹ́ pe babaláwo fún àkọsẹ̀jáyé. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n ti dá a ní abẹ́. Bó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n ti lu etí rẹ̀. Ká ní ayé àtijọ́ ni, olóòlà ì bá ti kọ ojú rẹ̀ pẹ̀lú, nínú ọ̀pọ̀ ilé ì bá sì ti gé ojú ara ọmọbìnrin náà.

Kò sẹ́ni tó bi ọmọ léèrè, nítorí kò tíì lè fọhùn. Bí òbí kò bá pinnu fún ọmọ, ọmọ náà ò ní í yè. Ohun tí a fẹ́ wádìí níbí ni èwo nínú ìpinnu wọ̀nyí ló jẹ́ ti òbí, èwo ló yẹ kó dúró de ọmọ, àti ìgbà tó yẹ kó dúró dà. Mo máa sọ èrò mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a lè yí padà lọ́la, òbí lè ṣe é lónìí. Ohun tí a kò lè yí padà, tí àìsàn kò sì sọ di dandan, ọmọ ló ni ín. Ẹ jẹ́ kó dàgbà kó tó yàn án.

Ilà ojú

Kò yẹ ká bú àwọn baba wa nítorí ilà. Ní àwọn ọdún 1830, Ọ̀yọ́ Ilé tú, Aláàfin Àtìbà sì tún ìlú tẹ̀ dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, níbi tí Ọ̀yọ́ wà títí dòní. Ọ̀nà kún fún àwọn tó ń sá ogun. Ògbómọ̀ṣọ́ di ibi ààbò fún àwọn ará ìlú púpọ̀ tí ogun fọ́. Wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n ń tà wọ́n lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọmọ tó bá sọnù nínú irú rúkèrúdò bẹ́ẹ̀ lè má mọ bí yóò ṣe júwe ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ lè mọ ìran tó ti wá. Òbí tó kọlà fún ọmọ nígbà náà ń dáàbò bò ó ni.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe olùṣọ́ àgùntàn ní Ọ̀yọ́ títí tó fi kú ní 1901, to àwọn ilà yìí lẹ́sẹẹsẹ nínú The History of the Yorubas, ìwé tí àbúrò rẹ̀ Obadiah tún ṣe, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ó sọ ti àbàjà, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dùbúlẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó sọ ti kẹ́kẹ́ tàbí gọ̀ńbọ́, ti pélé tó jẹ́ ìlà kúkúrú mẹ́ta tó dúró ṣánṣán, àti ti ìbàmú tó gba ẹ̀gbẹ́ imú kọjá. Ìmọ̀ gidi ni ìmọ̀ olóòlà, ó sì lẹ́wà lójú àwọn tó ni ín. Àwọn àgbà ní títa ríro là á kọlà, bó bá jinná tán, a doge.

Ṣùgbọ́n ìdí tí ilà fi wúlò ti kúrò nílẹ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn báyìí. Ọmọ tí wọ́n kọlà fún lónìí ni yóò jẹ ìrora náà, tí kò sì ní í rí oge kankan níbẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé bá ń fi ojú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí abẹ ń ṣe. Kí ilà tó lè hàn títí ayé, abẹ gbọ́dọ̀ gba òkè àwọ̀ kọjá dé ìpele kejì. Ibẹ̀ ni ara ti ń fi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn dí ojú ọgbẹ́, kọ́lájìn yìí ló sì ń di àpá. Bí ojú ọmọ bá ṣe ń gbòòrò sí i ni àpá náà ń gbòòrò. Lára àwa aláwọ̀ dúdú pàápàá, àpá míì kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Á wú, á yún, á le. Kélọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Omi ìgbín tí olóòlà ń kán sójú ọgbẹ́ lè tu ọmọ lára, ṣùgbọ́n kò lè pa kòkòrò tó wà lára abẹ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn. Láti orí abẹ bẹ́ẹ̀ ni àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì B àti C, àti kòkòrò HIV, ti lè wọ ara ọmọ. Tẹ́tánọ́ọ̀sì náà lè gba ibẹ̀ wọlé, èyí tó máa ń mú àgbọ̀n ọmọ le títí tí kò fi ní í lè mu ọmú mọ́. Dókítà lè mú kí àpá rọ̀ nígbà tó bá yá, ṣùgbọ́n kò lè dá ojú padà sí bó ṣe wà.

Òfin ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 24, kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fín ara ọmọ tàbí kó kọlà sí i lára. Ìjìyà rẹ̀ ni owó ìtanràn tí kò ju ₦5,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí méjèèjì. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni òfin náà ń pè ní ọmọdé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti sọ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé di tirẹ̀.

Ilà kan tún wà tó ti inú ọ̀fọ̀ wá, ìyẹn gbẹ́rẹ́ àti àmì tí wọ́n ń fi sára àbíkú kó má baà lọ mọ́, tàbí kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Ìyá tó ti sin ọmọ mẹ́ta kì í ṣe òǹrorò. Ohun tó mọ̀ ló ń ṣe. Lónìí, a mọ̀ pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, àti pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí kí wọ́n tó fẹ́ra ló lè sọ bóyá ọmọ wọn lè jẹ́ SS. Kò sí abẹ tó lè yí ẹ̀jẹ̀ SS padà.

Abẹ́ ọmọbìnrin àti abẹ́ ọmọkùnrin

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kò ní àríyànjiyàn nínú rẹ̀ níwájú ìmọ̀ ìṣègùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé pín abẹ́ dídá fún obìnrin sí ọ̀nà 4, kò sì sí ìkankan nínú rẹ̀ tó ṣe ara láǹfààní. Ìwádìí ìlera tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé obìnrin 20 nínú 100, láàárín ẹni ọdún 15 sí 49, ni wọ́n ti dá abẹ́ fún. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára ìpínlẹ̀ 5 tí àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, UNFPA àti UNICEF, dojú iṣẹ́ wọn kọ láti fòpin sí i. Láàárín àwa Yorùbá, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún, débi pé obìnrin míì kì í mọ̀ pé wọ́n ṣe é fún òun títí tó fi dé yàrá ìgbẹ̀bí.

Àwọn ìyá àgbà ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n gbà pé bí orí ọmọ bá kan ìdọ́ ìyá rẹ̀ nígbà ìbí, ọmọ náà yóò kú. Ìwádìí ti yẹ ìgbàgbọ́ yìí wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀lé obìnrin tó lé ní 28,000 tó bímọ ní ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè 6, Nàìjíríà wà lára wọn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Àwọn tí wọ́n dá abẹ́ fún ló ń ṣẹ̀jẹ̀ jù lẹ́yìn ìbí, àwọn ló ń gba iṣẹ́ abẹ bímọ jù, ọmọ wọn ló sì ń kú jù, pàápàá jùlọ àwọn tí wọ́n gé púpọ̀ lára wọn. Abẹ tí wọ́n ní yóò gba ọmọ là ló ń fi ẹ̀mí ọmọ wéwu. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó lòdì sí ìwà ipá, ti ọdún 2015, fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 4 lọ, tàbí ìtanràn tí kò ju ₦200,000 lọ, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún ẹni tó bá dá abẹ́ fún obìnrin.

Ti ọmọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ ká kó méjèèjì pọ̀. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ló ń ṣe ìdádọ̀dọ́ nílẹ̀ wa. Ìwádìí mẹ́ta tí wọ́n ṣe ní Gúúsù Áfíríkà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, tí àbájáde wọn jáde láàárín 2005 sí 2007, fi hàn pé ó ń dín ewu kíkó HIV lára obìnrin kù ní nǹkan bí 60 nínú 100 fún ọkùnrin. Àǹfààní gidi ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ń bá obìnrin lò pọ̀ ló wà fún. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò tíì nílò rẹ̀. Nítorí náà, ìlànà tí mo gbé kalẹ̀ kan ìdádọ̀dọ́ pẹ̀lú, n kò sì ní í fi èyí pamọ́ fún òǹkàwé.

Ilé ẹjọ́ kan ní ìlú Cologne, ní Jámánì, gbé e débẹ̀ ní 2012. Wọ́n dá ọmọ Mùsùlùmí ọdún 4 kan ní abẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ ọmọ sí ara rẹ̀ ju ti òbí sí ẹ̀sìn lọ. Àwọn Mùsùlùmí àti Júù fárí gá, nígbà tí ọdún náà yóò sì fi parí, ilé aṣòfin ibẹ̀ ti ṣe òfin tó gba òbí láàyè, bí ẹni tó ń ṣe é bá mọṣẹ́. Èrò tèmi ni pé ilé tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ṣe é bí iṣẹ́ ìṣègùn, ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀ àti oògùn tó ń pa ìrora. Àwọn kan ní ọmọ ọwọ́ kì í mọ̀ ọ́n lára. Ó ń mọ̀ ọ́n lára. Ìwádìí kan ní Kánádà, tó jáde ní 1997, fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n dá ní abẹ́ láìsí oògùn ìrora ń ké ju àwọn yòókù lọ nígbà tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ara ọmọ kò gbàgbé.

Ìgbàgbọ́ kì í ṣe abẹ

Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, Ògbómọ̀ṣọ́ ní ohun tó lè kọ́ gbogbo wa. Ní 1855 ni Thomas Jefferson Bowen mú iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi débẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà wọn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1898. Ìlànà wọn ni pé a kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Wọ́n á gbé ọmọ wá síwájú ìjọ, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á yà á sí mímọ́, àwọn òbí á ṣèlérí láti tọ́ ọ. Omi ń dúró de ọjọ́ tí ọmọ náà yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tó gbà gbọ́. Àwọn tó fẹ́ràn Ọlọ́run dé góńgó ló ń ṣe èyí, wọn kò sì kà á sí àìfẹ́ ọmọ pé wọ́n dúró dè é.

Àwọn ìjọ tó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ náà fi àyè sílẹ̀. Nínú ìjọ Áńgílíkà, ọmọ á dàgbà, á kọ́ ẹ̀kọ́, kí bíṣọ́ọ̀bù tó gbọ́wọ́ lé e, kó lè tún ìlérí náà ṣe fúnra rẹ̀. Òfin ìjọ Kátólíìkì gbà pé ọmọ tó pé ọdún 7 ti ní làákàyè. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ ìrun fún ọmọ ní ọdún 7, kí a sì le mọ́ ọn ní ọdún 10, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá bàlágà ni ìrun di ọ̀ranyàn lé e lórí. Lọ́dọ̀ àwọn onífá, àkọsẹ̀jáyé fúnra rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè. Òbí kò wá síbẹ̀ láti sọ ohun tí ọmọ yóò jẹ́. Ó wá gbọ́ ohun tí ọmọ ti kúnlẹ̀ yàn. Ìran tó gbà pé ọmọ ti yan orí rẹ̀ kó tó wáyé kò lè sọ pé dídúró de yíyàn ọmọ jẹ́ àṣà àjèjì.

Ajayi Crowther, ọmọ Ọ̀ṣóògùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, jẹ́ àpẹẹrẹ. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Ní December 1825, ní Sierra Leone, ó ṣe ìrìbọmi, ó ti di ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà. Ìyá rẹ̀ tó tún padà rí ní Abẹ́òkúta ní 1846 ṣe tirẹ̀ ní 1848, arúgbó ni. Kò sí ọjọ́ orí tó pẹ́ jù fún ẹni tó fẹ́ gbàgbọ́.

Nítorí náà, kò sí ohun tó burú nínú kí òbí kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tirẹ̀. Abala 7 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sọ pé ọmọ ní òmìnira èrò àti ẹ̀sìn, ó sì fún òbí ní iṣẹ́ láti tọ́ ọ sọ́nà gẹ́gẹ́ bí òye rẹ̀ ṣe ń dàgbà. Ọmọ tó kọ́ Kùránì, Bíbélì tàbí ẹsẹ Ifá ní kékeré lè yàn lọ́nà míì lọ́la láìsí àpá kankan lára rẹ̀. Ibi tí ẹ̀sìn ti di ọ̀rọ̀ abẹ, ẹ̀jẹ́ tí kò ṣeé tú, tàbí ìgbéyàwó, ni ó ti yẹ kí òbí dúró. Abala 21 òfin kan náà sọ pé ẹni tí kò pé ọdún 18 kò lè ṣe ìgbéyàwó.

Bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà

Kí ló dé tí a kò fi kàn mú ọjọ́ orí kan fún ohun gbogbo? Nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo ọpọlọ ń gbó. Apá iwájú rẹ̀, lẹ́yìn egungun iwájú orí, ló ń bá wa wo ẹ̀yìn ọ̀la tó sì ń kó wa níjàánu. Ó ń dàgbà títí a fi kọjá ogún ọdún dáadáa. Apá tó ń wá adùn àti ìyìn ẹgbẹ́ ti ta kìjí tipẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún 15 fi lè ṣàlàyé ewu nǹkan fún yín dáadáa ní pálọ̀, kó sì lọ ṣe é níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ìrònú kan, Weithorn àti Campbell, gbé ìwádìí jáde ní 1982. Wọ́n sọ ìtàn àìsàn fún ọmọ ọdún 9, ọdún 14, àti àwọn ẹni ọdún 18 àti 21, wọ́n ní kí wọ́n yan ìtọ́jú. Àwọn ọmọ ọdún 14 ronú bí àwọn àgbà. Àwọn ọmọ ọdún 9 kò lè wọn ọ̀ràn náà wò bíi tiwọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yàn sábà máa ń mọ́gbọ́n dání. Ìwádìí tí Laurence Steinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní orílẹ̀-èdè 11, tó jáde ní 2019, fara jọ ọ́. Ìrònú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń tó ti àgbà ní nǹkan bí ọdún 16, ìkóra-ẹni-níjàánu nígbà tí ara bá gbóná sì ń kọjá ọdún 18 kó tó gbó.

Àwọn àgbà ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Àṣìṣe ni ọmọ fi ń kọ́ ọgbọ́n. Ohun tó yẹ ká máa wò ni bóyá àṣìṣe náà ṣeé fọ̀ nù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yan irun tó fẹ́, ẹgbẹ́ akọrin tó wù ú, ìwé tó fẹ́ kà. Èyí tí omi kò lè fọ̀, ẹ má jẹ́ kó tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu

Ìlànà tí mo gbé kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ní apá kejì. Ohun tí àìsàn bá sọ di dandan kò lè dúró. Òbí kì í dúró de ọdún 18 kó tó gba àjẹsára fún ọmọ, nítorí ikú kò ní í dúró. Ilé ẹjọ́ wa ti fi èyí hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ gbà pé àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń ṣe lè kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, àní bó bá tilẹ̀ máa kú. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kan náà dájọ́ lórí ọmọ ọwọ́ kan ní Èkó tí ìyá rẹ̀ kọ̀ kí wọ́n fún ní ẹ̀jẹ̀ ní 1997, tí àwọn dókítà sì fi àṣẹ ilé ẹjọ́ tọ́jú. Wọ́n ní ohun tí ilé ìwòsàn ṣe tọ́. Àgbà lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò lè fi ẹ̀mí ọmọ ṣe é.

Ohun tí òbí lè ṣe

Láti ìbí dé ọdún 7, òbí ló ń pinnu. Ẹ sọ ọmọ lórúkọ, ẹ kọ́ ọ ní àdúrà, ẹ gba àjẹsára fún un. Ẹ má jẹ́ kí abẹ tí kò wo àìsàn kan ara rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ta kò yín, ẹ kí i, ẹ kúnlẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì mú un dání lọ bá nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ àjẹsára, nítorí ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ilé kò lè sọ, nọ́ọ̀sì lè bá a sọ ọ́.

Láti ọdún 7 dé 12, ẹ máa bi í léèrè kí ẹ tó pinnu, kí ẹ sì sọ ìdí fún un.

Láti ọdún 12 dé 16, ẹ jọ pinnu. Bí ọmọ ọdún 13 bá wá sọ pé, «Màmá, mo fẹ́ ṣe ìrìbọmi», tàbí «Bàbá, mo fẹ́ lọ sí ilé kéú tí ọ̀rẹ́ mi ń lọ», ẹ má fi ìbínú dá a lóhùn, ẹ má sì yára gbà. Ẹ wo ohun mẹ́rin tí àwọn dókítà máa ń wò lára ẹni tó fẹ́ gba ìtọ́jú. Ṣé ó yé e? Ṣé ó mọ̀ pé òun gan-an ló kàn? Ṣé ó lè wọn èyí àti ìyẹn wò? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró sójú kan, tí kò bá ẹgbẹ́ yí padà? Bí oṣù mélòó kan bá kọjá tí ìdáhùn náà kò yẹ̀, ẹ ti ń bá ẹni tó ń dàgbà sọ̀rọ̀.

Ọdún 16 sókè, ohùn rẹ̀ ló yẹ kó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ìtọ́jú. Ara fífín àti ilà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí di ọdún 18, bí òfin ṣe wí.

Ẹni tó bá pé ogún ọdún tó sì fẹ́ pélé nítorí ó fẹ́ràn ojú bàbá àgbà rẹ̀ lè lọ bá olóòlà. Ojú ara rẹ̀ ni, ìrora náà sì jẹ́ tirẹ̀ láti yàn. Kò pàdánù ohunkóhun nítorí pé wọ́n dúró dè é. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún ní ọjọ́ kẹjọ kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀ mọ́. Òbí tó bá ṣì ń ṣiyèméjì lè fi èyí pinnu: bí a bá dúró tí a sì ṣì í, ọmọ lè tún un ṣe. Bí a bá gé e tí a sì ṣì í, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe fún un.